Níbo la ti lè rí owó san ilé-ìwé òfin ní Amẹ́ríkà? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbúrò_Lọ́yà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àǹtí mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ síbí, òní ni mo kọ́kọ́ fẹ́ béèrè nǹkan. Mo fẹ́ wọ ilé-ìwé òfin láti gba JD, oyè òfin ọlọ́dún mẹ́ta. Màámi nìkan ló tọ́ wa, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, agbára wọn ò ká a, èmi náà ò sì fẹ́ kí wọ́n jẹ gbèsè nítorí mi. Mo ní gíríìn káàdì. Nígbà tí mo wo iye tí àwọn ilé-ìwé kan ń gbà, tí mo fi owó ilé àti oúnjẹ kún un, ó lé ní 100,000 dọ́là lọ́dún kan ṣoṣo. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n sáà máa yá a, pé tí mo bá di lọ́yà màá san án. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Ibo lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀? Ta ló ń fúnni lówó gan-an?

Ẹ̀gbọ́n_Kóòtù

Àbúrò, káàbọ̀. Inú mi dùn pé o béèrè nísinsìnyí tí o kò tíì fọwọ́ sí ìwé kankan.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé àwọn àjọ kéékèèké tó ń ṣe ìdíje àròkọ lowó wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á máa fi òru kọ àròkọ nítorí 500 dọ́là. Owó gidi, èyí tó ń yọ 20,000 tàbí 40,000 dọ́là kúrò nínú owó ọdún kan, ọwọ́ ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ló wà. Ilé-ìwé ló ń dín owó kù fún ẹni tó bá wù ú láti gbà. Ohun méjì ló sì máa ń mú kí èèyàn wù wọ́n: GPA, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì tó gbé jáde ní yunifásítì, àti máàkì rẹ̀ nínú LSAT, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ ilé-ìwé òfin. Bí o bá ti gboyè, GPA ti di ohun tí kò ṣeé yí mọ́. LSAT ló kù lọ́wọ́ rẹ.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ń kéde máàkì LSAT tó wà ní agbedeméjì kíláàsì wọn, èyí tí ìdajì akẹ́kọ̀ọ́ wà lókè rẹ̀, tí ìdajì wà nísàlẹ̀. Wọn ò fẹ́ kí máàkì náà já wálẹ̀, torí ó ń kan ipò wọn láàárín àwọn ilé-ìwé yòókù. Nítorí náà, ẹni tí máàkì rẹ̀ bá ga ju ti agbedeméjì lọ ni wọ́n ń fi owó fà mọ́ra. Láti 120 dé 180 ni LSAT. Ká ní o gba 160. Ilé-ìwé tí agbedeméjì tirẹ̀ jẹ́ 163 lè gbà ọ́ wọlé láìfún ọ ní nǹkan kan. Èyí tí tirẹ̀ jẹ́ 153 lè yọ owó ilé-ìwé kúrò pátápátá. Máàkì mẹ́ta mẹ́rin péré sí i lè yí owó rẹ padà ju ọgọ́rùn-ún àròkọ lọ. Oṣù tí o bá fi kàwé fún LSAT, owó lo ń wá yẹn o. Bí o kò bá tíì múra tó, dúró di ọdún kejì kí o tó fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Ìdúró yẹn kò burú.

Èkejì: wá ìwé tí wọ́n ń pè ní 509. ABA, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ilé-ìwé òfin tí wọ́n fọwọ́ sí láti máa gbé e síta lọ́dọọdún, nínú oṣù Kejìlá. Tẹ orúkọ ilé-ìwé náà àti “509” sórí Google, á jáde. Iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ìrànwọ́ tiwọn kò tó ìdajì owó ilé-ìwé wà níbẹ̀, àwọn tó gba ìdajì sókè wà níbẹ̀, àwọn tí kò san nǹkan kan náà wà níbẹ̀. Ka tilé-ìwé mẹ́wàá kí o rí i fúnra rẹ. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń san iye tí wọ́n kọ síta kò tó ìdajì kíláàsì.

Àǹtí_Ìwé

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Kí n fi èyí kún un, torí ìgbà tó yẹ kó o ṣe é nìyí.

Má tíì sanwó LSAT o. Owó ìdánwò náà lé ní 200 dọ́là. CAS, ibi tí wọ́n ti ń kó ìwé ẹ̀rí rẹ jọ fún àwọn ilé-ìwé, náà lé ní 200 dọ́là. Ìwé tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. LSAC tó ń ṣètò gbogbo rẹ̀ ní ètò ìdáríjì owó fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò pọ̀. Ìpele méjì ló ní. Ìpele kìíní ń san LSAT ẹ̀ẹ̀mejì, CAS, àti ìwé fún ilé-ìwé mẹ́fà. Ìpele kejì ń san LSAT ẹ̀ẹ̀kan, CAS, àti ìwé fún ilé-ìwé mẹ́ta. Tọrọ rẹ̀ kí o tó forúkọ sílẹ̀, torí wọn kì í dá owó tí o ti san padà. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, tí wọ́n bá ti rí i pé LSAC darí owó jì ọ́, àwọn náà kì í gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ mọ́. Ilé-ìwé tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kọ ímeèlì sí wọn kí o fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè. Wọ́n sábà máa ń gbà.

Lórí LawHub, ìkànnì LSAC, àwọn ìdánwò àtẹ̀yìnwá wà tí o lè fi dánra wò lọ́fẹ̀ẹ́. Bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ta kíláàsì olówó gegere fún ọ.

Tètè fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀ pẹ̀lú. Láti oṣù Kẹsàn-án ni púpọ̀ nínú wọn ti ń ṣílẹ̀kùn, bí fọ́ọ̀mù bá sì ṣe ń wọlé ni wọ́n ń gbà wọ́n. Owó tí wọ́n ń pín náà ń lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dé lóṣù Kọkànlá àti ẹni tó dé lóṣù Kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e lè ní máàkì kan náà kí owó wọn má dọ́gba.

Àbúrò_Lọ́yà

Ẹ ṣeun gan-an. N ò mọ̀ rárá pé wọ́n ń darí owó LSAT jini. FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń tọrọ ìrànwọ́ owó ìjọba, wá ńkọ́? Ṣé wọ́n máa béèrè iye tó ń wọlé fún màámi ni?

Ọ́fíìsì_Owó

Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí èyí, torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní yunifásítì nìyẹn.

Gíríìn káàdì rẹ tó láti fi kọ FAFSA. Lórí studentaid.gov ni, ọ̀fẹ́ ni, ó sì máa ń ṣí bíi oṣù Kẹwàá. Ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀, ẹni tó ń kọ́ òfin lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ ti di ẹni tó dá dúró, wọn ò ní béèrè owó ìyá rẹ fún ẹ̀yáwó ìjọba. Àmọ́ owó ìrànwọ́ tí ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ń fún aláìní, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Àwọn kan á ní kí o kọ fọ́ọ̀mù míì tó ń béèrè nípa òbí, kódà bí o kò bá gbé lọ́dọ̀ wọn mọ́. Fún ẹ̀yin tí owó òbí yín kò pọ̀, ire yín ni fọ́ọ̀mù yẹn jẹ́. Ẹ má fò ó.

Harvard, Yale àti Stanford kì í fúnni lówó nítorí máàkì. Àìní nìkan ni wọ́n ń wò, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ní ètò tó ń gbé gbogbo owó ilé-ìwé kúrò lórí àwọn tí owó ìdílé wọn kéré jù lọ. Ọmọ nọ́ọ̀sì kan tí LSAT rẹ̀ ga kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ibẹ̀ ti wọ́n jù fún òun.

Ní ti ẹ̀yáwó, òfin ti yí padà, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Tẹ́lẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ lè yá 20,500 dọ́là lọ́dún lọ́wọ́ ìjọba, kó wá fi Grad PLUS, ẹ̀yáwó ìjọba mìíràn, yá gbogbo ìyókù títí owó fi pé. Láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2026, wọ́n ti Grad PLUS pa fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin tuntun lè yá 50,000 dọ́là lọ́dún, kò sì gbọ́dọ̀ ju 200,000 lọ lápapọ̀. Ẹni tó bá ń kàwé ní ìdajì àkókò, tirẹ̀ á dín kù bákan náà. Bí ilé-ìwé rẹ bá ń ná èèyàn ní 100,000 lọ́dún, ìdajì ló kù tí o máa wá síbòmíràn, báńkì aládàáni ló sì máa ń jókòó dè ọ́ níbẹ̀. Báńkì á fẹ́ onídùúró. Bí nǹkan bá dojú rú, ọwọ́ onídùúró yẹn ni wọ́n máa wá owó wọn sí, ìyẹn màámi rẹ tí o kò fẹ́ kó jẹ gbèsè.

Èlé ẹ̀yáwó ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́ òfin sì ń ka láti ọjọ́ tí owó náà bá ti jáde, kì í dúró di ìgbà tí o bá parí. Bí èlé bá jẹ́ 8 nínú 100, gbèsè 150,000 dọ́là ń bí 12,000 lọ́dún kan, ìyẹn ṣáájú kó o tó fọwọ́ kan gbèsè gan-an.

Lọ́yà_Aláìní

Ohun tí mo fẹ́ kí àbúrò mi yìí kọ́kọ́ dáhùn ni pé: irú lọ́yà wo lo fẹ́ jẹ́? Ìdáhùn yẹn ló ń sọ irú owó tó tọ́ kó o gbà.

Èmi ń gbèjà àwọn tí kò lówó lọ́yà nílé ẹjọ́. Owó oṣù wa kò tó ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Ohun tó gbé mi ró ni PSLF. Òfin ọdún 2007 ló dá a sílẹ̀. Bí o bá ń ṣiṣẹ́ ní kíkún fún ìjọba tàbí fún àjọ tí kì í ṣe fún èrè, tí o sì san owó oṣù 120 lábẹ́ ètò ìsanwó tó yẹ, wọ́n á pa ìyókù gbèsè ìjọba rẹ rẹ́. Kò pọn dandan kí oṣù 120 náà tẹ̀ léra. Gbèsè báńkì aládàáni kò sí níbẹ̀ o. Ìdí míì tí kò fi yẹ kéèyàn sáré tọ báńkì lọ nìyẹn.

Ní NYU, ètò Root-Tilden-Kern wà fún àwọn tó fẹ́ fi òfin sin ará ìlú, odindi owó ilé-ìwé ló ń san. Kì í ṣe máàkì nìkan ni wọ́n ń wò níbẹ̀, wọ́n fẹ́ rí iṣẹ́ tí o ti ṣe fún àwọn èèyàn. CUNY ní New York, ilé-ìwé ìjọba ni, torí irú iṣẹ́ tiwa yìí ni wọ́n sì ṣe dá a sílẹ̀.

Béèrè lọ́wọ́ ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan bóyá wọ́n ní LRAP. Owó tí ilé-ìwé fi ń bá àwọn tó ti jáde san gbèsè nìyẹn, nígbà tí owó oṣù wọn bá kéré. Má wulẹ̀ gbà pé “bẹ́ẹ̀ ni, a ní i.” Béèrè pé: owó oṣù mélòó lèèyàn á máa gbà tí kò fi ní tọ́ sí i mọ́? Ṣé iṣẹ́ ìjọba wà níbẹ̀? Ṣé bí mo bá fẹ́ ọkọ, wọ́n máa ka owó ọkọ mi mọ́ tèmi?

Ẹ̀gbọ́n_Kóòtù

Mo fara mọ́ ohun tí lọ́yà wa sọ yìí, àmọ́ mi ò ní fi ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀ sílẹ̀ lórí òfin tí ìjọba lè tún tún ṣe. Gbèsè tí o kò jẹ, ẹnì kankan ò lè yí àdéhùn rẹ̀ padà. Lójú tèmi, bí ilé-ìwé tó dára níwọ̀nba bá fún ọ ní odindi owó, tí èyí tó lórúkọ jù ú lọ sì fẹ́ kí o yá 150,000, gba odindi.

Lọ́yà_Manhattan

Ẹ̀gbọ́n, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kì í rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo èèyàn. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń san 225,000 dọ́là fún lọ́yà tuntun, ilé-ìwé bíi mélòó kan péré ni wọ́n sì ń lọ jù láti kó èèyàn. Ẹni tó bá fẹ́ irú iṣẹ́ yẹn, orúkọ ilé-ìwé rẹ̀ ní owó nínú. Odindi sìkọ́láṣíìpù ní ilé-ìwé tí ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ kì í yege ìdánwò Bar tó ń sọni di lọ́yà, tí wọn kì í sì í tètè ríṣẹ́, ọdún mẹ́ta lo fi san án. Iye àwọn tó yege Bar àti àwọn tó ríṣẹ́ lọ́yà gidi láàárín oṣù mẹ́wàá lẹ́yìn ìjáde, ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀. Àbúrò, gbé ìwé yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ 509 kí o máa kà wọ́n pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Kóòtù

Ó dára, mo gba ìyẹn. Ilé-ìwé tí kì í jẹ́ kí ọmọ yege Bar, bí wọ́n tiẹ̀ ní ọ̀fẹ́ ni, kí ó má lọ.

Àǹtí_Ìwé

Ohun kan ń dùn mí tí ẹnì kankan ò tíì mẹ́nu bà: sìkọ́láṣíìpù tó ní àdéhùn nínú.

Àwọn ilé-ìwé kan á fún ọ ní 30,000 dọ́là lọ́dún, wọ́n á wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé GPA rẹ kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju 3.0 lọ. Ẹni tó ń gba A látìgbà kékeré á rẹ́rìn-ín, á ní kí ló wà nínú ìyẹn. Nílé-ìwé òfin, wọ́n ń fi akẹ́kọ̀ọ́ wé ara wọn ni. Wọ́n ti pinnu ṣáájú iye A tí wọ́n máa pín nínú kíláàsì kan. Bí agbedeméjì máàkì ọdún kìíní níbẹ̀ bá jẹ́ 2.9, àdéhùn 3.0 túmọ̀ sí pé ó lé ní ìdajì kíláàsì tó máa wà lábẹ́ rẹ̀, bí gbogbo wọn tiẹ̀ kàwé dójú àlá. Owó á wá lọ ní ọdún kejì, nígbà tó ti pẹ́ láti kó lọ síbòmíràn. Ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ tó múra sí ẹ̀kọ́ gan-an.

Nínú 509 kan náà, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fún ní irú owó bẹ́ẹ̀ àti iye tí wọ́n gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Wò ó kí o tó fọwọ́ sí i. Bí àdéhùn bá wà, bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yí i sí pé kí o ṣáà wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe dáadáa, tí wọn ò ní lé dànù. Àwọn kan máa ń gbà.

Àbúrò_Lọ́yà

Àǹtí, ẹ ṣé, ẹ̀rù bà mí níbi tí mo ka ìyẹn dé. Mo tún gbọ́ pé èèyàn lè bá ilé-ìwé dúnàádúrà owó. Ṣé kò ní dà bí ìwà ìrera? Kí lèèyàn á tiẹ̀ kọ?

Lọ́yà_Manhattan

Kò sí ìrera níbẹ̀. Wọ́n ń retí rẹ̀. Iṣẹ́ tí o fẹ́ kọ́ náà ni pé kí o gbẹnu sọ fún ẹlòmíràn, bẹ̀rẹ̀ lórí ara rẹ.

Lẹ́tà náà kì í gùn. Ìpínrọ̀ kìíní, dúpẹ́ pé wọ́n gbà ọ́, kí o sọ ohun pàtó tó wù ọ́ níbẹ̀: kílíníìkì kan (ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bá àwọn èèyàn ṣe ẹjọ́ gidi), olùkọ́ kan, ìlú tí o fẹ́ ti ṣiṣẹ́. Ìpínrọ̀ kejì, sọ pé ilé-ìwé báyìí báyìí fún ọ ní iye báyìí, kí o so lẹ́tà wọn mọ́ ọn. Kó jẹ́ ilé-ìwé tí ẹgbẹ́ wọn dọ́gba, tàbí tó ga jù wọ́n lọ díẹ̀, torí èyí tó kéré sí wọn púpọ̀ kò ní yí wọn lọ́kàn padà. Ìpínrọ̀ kẹta, sọ iye tí o ń tọrọ ní pàtó. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, tí o sì ti pinnu, sọ pé bí wọ́n bá lè ṣe é, ọ̀dọ̀ wọn lo máa wá. Gbólóhùn yẹn lágbára gan-an, nítorí náà ilé-ìwé kan ṣoṣo ni o lè sọ ọ́ fún. Má parọ́ nípa owó tí ibòmíràn fún ọ. Iṣẹ́ tí o ń lọ ṣe, wọ́n á wádìí ìwà rẹ kí wọ́n tó fún ọ níwèé àṣẹ.

Bí wọ́n bá kọ̀, béèrè bóyá o lè tún kọ̀wé lẹ́yìn ọjọ́ owó àsansílẹ̀. Àwọn tí wọ́n fún lówó tí wọn ò wá máa ń fi àyè sílẹ̀.

Èyí ló fà á tí mi ò fi fẹ́ kí ẹni tó ń wá owó fi fọ́ọ̀mù “early decision” sílẹ̀, èyí tí èèyàn fi ń ṣèlérí ṣáájú pé bí wọ́n bá gba òun, òun máa wá, àfi bí ilé-ìwé náà bá ti kọ iye sìkọ́láṣíìpù rẹ̀ síta ṣáájú. O ti ṣèlérí pé wàá wá, kí wá ni wọ́n ń fi owó bẹ̀ ọ́ fún?

Ọ́fíìsì_Owó

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa sìkọ́láṣíìpù ti ìta, kí àbúrò má rò pé kò wúlò rárá. ABA ní Legal Opportunity Scholarship, 15,000 dọ́là ni lápapọ̀ fún ọdún mẹ́ta, ẹni tó ń wọ ọdún kìíní ló wà fún. AccessLex, àjọ kan tí kì í ṣe fún èrè, ní àkójọ sìkọ́láṣíìpù fún akẹ́kọ̀ọ́ òfin tí èèyàn lè wá inú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà ìpínlẹ̀ àti ti ìlú rẹ náà máa ń ní tiwọn, àwọn tó ń du ìyẹn sì kéré sí àwọn tó ń du ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ibẹ̀ ni màá kọ́kọ́ lọ.

Kí o tó kọ ọ́, béèrè lọ́wọ́ ilé-ìwé ohun tí wọ́n ń ṣe sí owó ìta. Àwọn kan, bí o bá mú 5,000 wá, wọ́n á yọ 5,000 kúrò nínú ohun tí wọ́n fún ọ. Àwọn mìíràn á yọ ọ́ kúrò nínú ẹ̀yáwó rẹ, èyí ló dára.

Owó orí náà: sìkọ́láṣíìpù tó san owó ilé-ìwé àti ìwé kò ní owó orí, èyí tí o fi san ilé àti oúnjẹ ní.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí o san owó kí o tó gba sìkọ́láṣíìpù, gbájúẹ̀ ni.

Oníṣẹ́_Alẹ́

Èmi ń lọ sí kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Ọdún mẹ́rin ni dípò mẹ́ta. Ilé-iṣẹ́ mi ń san lára owó ilé-ìwé mi. Òfin gba kí ilé-iṣẹ́ san tó 5,250 dọ́là lọ́dún fún òṣìṣẹ́ láìsí owó orí lórí rẹ̀. Ó ń rẹni o, mi ò ní tàn yín, ṣùgbọ́n owó oṣù mi ń wọlé.

Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun náà, kí wọ́n béèrè nípa Post-9/11 GI Bill, owó ẹ̀kọ́ tí ìjọba ń san fún wọn, àti Yellow Ribbon tó ń fi kún un. Ní ilé-ìwé ìpínlẹ̀, GI Bill lè san gbogbo owó ilé-ìwé fún ẹni tó bá tọ́ sí i ní kíkún.

Àlejò_F1

Ẹ jọ̀ọ́, àwa tá a wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́?

Ọ́fíìsì_Owó

FAFSA ò sí fún yín, ẹ̀yáwó ìjọba náà ò sí. Ṣùgbọ́n sìkọ́láṣíìpù tí ilé-ìwé ń fúnni nítorí máàkì, ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀ wọn kì í wo físà. Torí náà ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ nípa LSAT kàn yín ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ rántí pé kí ilé-ìwé tó fún yín ní I-20, ìwé tí ẹ fi ń gba físà, ẹ máa fi hàn pé owó ọdún kìíní wà nílẹ̀. Lẹ́tà sìkọ́láṣíìpù wà lára ohun tí wọ́n ń gbà fún ìyẹn. Bó bá jẹ́ LLM, oyè kejì nínú òfin, lẹ fẹ́, ẹ wo Fulbright, sìkọ́láṣíìpù ìjọba Amẹ́ríkà, láti orílẹ̀-èdè yín.

Àbúrò_Lọ́yà

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Màá kọ́kọ́ tọrọ ìdáríjì owó lọ́dọ̀ LSAC, màá ka 509 ilé-ìwé mẹ́wàá, màá sì sún LSAT síwájú títí màá fi múra dáadáa. Mo ti mọ irú lọ́yà tí mo fẹ́ jẹ́ náà: ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n fẹ́ lé jáde nílé nítorí owó ilé ni mo fẹ́ máa bá kóòtù sọ. Ìbéèrè kan ló kù. Owó ìdánwò Bar, ṣé ó wà nínú gbogbo ìṣirò yìí?

Lọ́yà_Aláìní

Kò sí níbẹ̀, o sì ṣeun tí o rántí. Iṣẹ́ tí o dárúkọ yìí, a nílò èèyàn níbẹ̀ gan-an.

Ní ọdún kẹta, lọ bá ọ́fíìsì owó ilé-ìwé rẹ kí o tó jáde, kí wọ́n fi owó fọ́ọ̀mù Bar kún iye tí ìjọba gbà pé ẹ̀kọ́ rẹ ń ná ọ. Bí o bá ti gboyè, àyè yẹn ti pa dé. Owó kíláàsì ìmúrasílẹ̀ fún Bar ló wọ́n jù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni, ìyẹn kì í sì í wọnú ìṣirò yẹn. Àmọ́ àwọn tó ń ta á máa ń dín in kù fún ẹni tó ń lọ ṣiṣẹ́ fún aláìní, bí o bá kọ̀wé sí wọn. Èyí tó tún kù ni owó tí o máa fi jẹun láti oṣù Karùn-ún tí o bá jáde sí ìparí oṣù Keje tí ìdánwò máa wáyé, àti oṣù díẹ̀ tí wàá fi dúró de èsì. Bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ìyẹn láti ọdún kejì.